Ìlérí Tí Ẹnu Kò Sọ: Ìtàn Ọjà Rere Láàrin Àgbẹ̀ àti Oníṣòwò

  Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ti bí a ṣe ń gbin nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti bí a ṣe ń roko. Ọ̀rọ̀ ọjà ni, nítorí pé àgbẹ̀ tó mọ oko ro tí kò mọ ọjà tà, tí kò sì mọ ọjà rà, iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì parí.

Bí ẹ bá gbé kòkó lọ sí sítọ́ọ̀ ẹni tó ń rà á, ohun àkọ́kọ́ tí yóò ṣe ni kó ki ọwọ́ bọ inú àpò. Yóò bu kòkó náà wò, yóò fi ẹ̀rọ wo bí omi ṣe pọ̀ tó nínú rẹ̀, bí kò bá sì gbẹ tó, yóò yọ kílò mélòó kan kúrò lórí ìwọ̀n. Ẹ kò fi ẹnu yín ṣèlérí fún un pé kòkó yín gbẹ. Síbẹ̀, ó mú yín bí ẹni tó ṣèlérí. Ẹ wá mú nínú owó kòkó yẹn, ẹ fi ra oògùn tí a fi ń fín kòkó. Ẹ fín in lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fín in lẹ́ẹ̀mẹta, kòkó ṣì ń dúdú, ó ń rà lórí igi. Nígbà tí ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún yín, ó ní òun kò bá yín ṣe àdéhùn kankan, àti pé ọjà tí a bá ti rà, a kì í dá a padà.

Kí ló dé tí ìlérí tí ẹnu kò sọ fi ń mú àgbẹ̀ nígbà tó bá ń tà, tí kì í sì í mú ẹlòmíràn nígbà tí àgbẹ̀ bá ń rà? Àwọn kan rò pé òfin ló gbè sẹ́yìn oníṣòwò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin tó wà nílẹ̀ de ẹni gbogbo tó ń ta ọjà. Ìtàn kòkó wa láti nǹkan bí 100 ọdún sẹ́yìn ni yóò jẹ́ kí a mọ ibi tí ìyàtọ̀ náà ti wá.

ỌJÀ OJÚKOJÚ

Kí òyìnbó tó kó òfin tirẹ̀ dé, àwọn baba wa ti ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣọ́ ọjà. Ní Àkúrẹ́, iwájú ààfin Déjì ni Ọjà Ọba, tí a ń pè ní Erékẹ̀sán, wà. Ní Oǹdó, ọ̀rọ̀ ọjà àti ajé wà lọ́wọ́ Lóbùn, ìjòyè obìnrin tí ipa rẹ̀ tóbi púpọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fi Ọ̀ṣemàwé tuntun jẹ. Kì í ṣe lásán ni ọjà fi sún mọ́ ààfin, tí wọ́n sì fi ìjòyè ńlá ṣe olórí rẹ̀. Ibi tí owó bá ti ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì, aáwọ̀ kò ní ṣàì sí níbẹ̀, aáwọ̀ sì ń fẹ́ ẹni tí yóò dá a.

Ọ̀pọ̀ ọjà wa nígbà náà, ọrọọrún ni a ń ná an. Ẹni tó bá bu omi lu epo tà fún ọ lónìí, o mọ ibi tó ń pàtẹ sí, o sì mọ agbo ilé rẹ̀. Ní ọjà tó ń bọ̀, ẹ óò tún pàdé. Ẹni tó fẹ́ ra epo yóò tọ́ ọ wò. Ẹni tó fẹ́ ra gààrì yóò ju díẹ̀ sẹ́nu. Ẹni tó fẹ́ ra ewúrẹ́ yóò la ẹnu rẹ̀, yóò wo eyín rẹ̀. Ojú ẹni tó ń rà ni ìṣọ́ kìíní, ìtìjú ẹni tó ń tà sì ni ìṣọ́ kejì. Bí méjèèjì kò bá ràn án, àwọn àgbà ọjà wà níbẹ̀. Àwọn baba wa kò tan ara wọn jẹ pé ọmọ aráyé fẹ́ràn òtítọ́ nínú ọjà. Àwọn náà ló sọ pé òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

KÒKÓ DÉ, OJÚ SÌ JÌNNÀ

Kòkó wọ ilẹ̀ Nàìjíríà ní àárín ọdún 1870 sí 1880. Láti etíkun ló ti gba ọ̀nà Agége wọ inú ilẹ̀ Yorùbá. Kí ọdún 1900 tó pé, ó ti dé ilẹ̀ Oǹdó, nígbà tó sì yá, ó tàn dé Àkúrẹ́ àti Ìdànrè. Ọjà tuntun ni, kò sì bá ìṣọ́ àtijọ́ mu rárá.

Àgbẹ̀ tó gbìn ín kì í jẹ ẹ́. Ẹni tó ń fi páànù wọ̀n ọ́n rà káàkiri abà kò jẹ ẹ́. Ẹni tó ni sítọ́ọ̀ kò jẹ ẹ́. Ilé-iṣẹ́ òyìnbó tó gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi ní Èkó, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó tún un tà. Àwọn tí yóò yan kòkó náà, tí wọn yóò lọ̀ ọ́, tí wọn yóò sì mọ adùn tàbí ìkorò rẹ̀, wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Jámánì, ní Amẹ́ríkà. Wọn kò mọ orúkọ abà tí kòkó náà ti wá, àgbẹ̀ náà kò sì lè mọ wọ́n láéláé.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àbùkù kòkó kì í hàn lójú tààrà. Bí a bá bo kòkó tútù sábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, tí a ń yí i, ooru inú rẹ̀ ni yóò pa hóró náà, tí yóò sì jẹ́ kí adùn rẹ̀ jáde nígbà tí wọ́n bá yan án. Kòkó tí a kò bò, èyí tí a yọ láti inú igbá rẹ̀ tí a sì sá lójú ẹsẹ̀, yóò gbẹ, yóò sì dára ní ìta. Inú rẹ̀ ni yóò rí bíi síléètì, kò sì ní í dùn. Bákan náà, kòkó tí omi inú rẹ̀ ju nǹkan bí 8 nínú 100 lọ yóò bu nínú àpò kó tó dé òkè òkun. Lọ́jọ́ tí a tà á, kò tíì bu. Èèbù náà ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ oníṣòwò ń san iye kan náà fún kòkó rere àti kòkó burúkú. Ẹ fi ọkàn yín rò ó. Àgbẹ̀ tó bo kòkó fún ọjọ́ mẹ́fà, tó sì sá a fún ọ̀sẹ̀ kan, ìwọ̀n kòkó rẹ̀ yóò dín kù nítorí omi tó ti gbẹ. Aládùúgbò rẹ̀ tó ta kòkó tútù gba owó omi mọ́ owó kòkó. Tí owó ọjà bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń ṣe dáadáa ni ó ń pàdánù. Kì í ṣe pé àgbẹ̀ wa kò mọ iṣẹ́. Ọjà ni kò san owó iṣẹ́ rere. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ kòkó wa ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ lókè òkun.

Láàrin ọdún 1920 sí 1930, ìjọba gbé ètò yíyẹ kòkó wò kalẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Òṣìṣẹ́ ìjọba yóò fi irin oníhò gún àpò, yóò fa kòkó jáde láti òkè, láti àárín àti láti ìsàlẹ̀. Yóò ka 300 hóró, yóò sì fi ọ̀bẹ la ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì. Yóò ka èyí tó bu, èyí tí inú rẹ̀ rí bíi síléètì, èyí tí kòkòrò ti jẹ, àti èyí tó hù. Nínú ìlànà tí àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò sí ní 1969, kòkó gíréèdì kìíní kò gbọdọ̀ ní ju hóró 3 tó bu lọ nínú 100, kò gbọdọ̀ ní ju 3 tó rí bíi síléètì lọ, àwọn tí kòkòrò jẹ, tó hù tàbí tó pẹlẹbẹ kò sì gbọdọ̀ ju 3 lọ. Ìyẹn ni pé, nínú 300 tí ọ̀bẹ bá là, àbùkù kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ju 9 lọ. Fún gíréèdì kejì, ó jẹ́ 4, 8 àti 6 nínú 100. Bí kòkó bá yege, wọn yóò rán ẹnu àpò, wọn yóò sì fi èdìdì dì í. Bí kò bá yege, kí olówó rẹ̀ lọ tún un sá, kó sì ṣà á.

Èdìdì yẹn ló gba ipò ojú tí a fi ń mọ ara wa ní ọjà Erékẹ̀sán. Òyìnbó tó ra kòkó ní òkè òkun kò mọ àgbẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ èdìdì.

IBI TÍ ÌLÉRÍ NÁÀ TI WÁ NÍNÚ ÒFIN

Ní ayé àtijọ́, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé kí ẹni tó ń rà la ojú rẹ̀. Bí o bá ra ọjà burúkú, tí ẹni tó tà á kò purọ́ fún ọ, adánù tìrẹ ni. Òfin yìí bá ọjà ojúkojú mu. Nígbà tí ìṣòwò ọ̀nà jíjìn wá pọ̀ sí i, ó di ìnira.

Ní ọdún 1815, ọkùnrin kan ra àpò òwú sílíìkì ní Lọ́ńdọ̀nù láìtíì rí ọjà náà dáadáa. Nígbà tí ó dé ọwọ́ rẹ̀, ó rí i pé kò dára tó bó ṣe yẹ. Adájọ́ Lord Ellenborough sọ pé ẹni tó bá ra ọjà tí kò ní àyè láti yẹ̀ wò, ó yẹ kó rí ọjà tó ṣe é tà gbà lábẹ́ orúkọ tí wọ́n fi tà á fún un, torí pé kò sẹ́ni tó ń ra ọjà láti lọ dà á sórí ààtàn. Ní 1829, ẹjọ́ mìíràn tún wáyé. Ẹnìkan ra bàbà pẹlẹbẹ láti fi bo ìdí ọkọ̀ ojú omi, ó sì sọ fún ẹni tó ń ṣe é ohun tó fẹ́ fi ṣe. Bàbà tó yẹ kó lò fún ọdún mélòó kan, oṣù díẹ̀ ni omi òkun fi jẹ ẹ́ tán. Ilé-ẹjọ́ ní kí ẹni tó tà á san owó gbà-máà-bínú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò purọ́.

Ní 1893, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó gbogbo ìdájọ́ wọ̀nyí jọ sínú ìwé kan, Òfin Ọjà Títà. Àwọn òfin gbogbogbòò tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900 ni wọ́n sọ di òfin ní Nàìjíríà, èyí sì wà lára wọn. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣe àkójọ òfin tirẹ̀ ní 1959, òfin ọjà títà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti 1893. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1976, wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, òfin náà sì bá wa wọ ilé tuntun.

Kí ni òfin yìí wí? Ó ní bí ẹnu kò tilẹ̀ sọ ọ́, ìlérí mélòó kan wà nínú ọjà títà.

Èkínní, orúkọ tí a fi ta ọjà ni kó jẹ́. Bí wọ́n bá ní irúgbìn àgbàdo funfun ni, kò gbọdọ̀ hù ní pupa.

Èkejì, bí o bá sọ ohun tí o fẹ́ fi ọjà ṣe fún ẹni tó ń tà á, tí ó hàn pé ìmọ̀ rẹ̀ lo gbójú lé, tí ó sì jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ láti máa ta irú ọjà bẹ́ẹ̀, ọjà náà gbọ́dọ̀ lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ẹ̀kẹta, bí o bá fi orúkọ ra ọjà lọ́wọ́ ẹni tó ń ta irú rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọjà tó ṣe é tà, kì í ṣe èyí tó yẹ fún ààtàn.

Ẹ̀kẹrin, bí wọ́n bá bu díẹ̀ hàn ọ́ láti fi rà púpọ̀, èyí tó wà ní ìsàlẹ̀ àpò gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà lókè mu.

Ṣùgbọ́n ìlérí wọ̀nyí ní ààlà, ó sì yẹ kí a mọ̀ ọ́n. Bí o bá yẹ ọjà wò kí o tó rà á, àbùkù tó yẹ kí ojú rẹ ti rí, o kò lè padà wá ṣe àròyé rẹ̀. Bí o bá dárúkọ oògùn kan ní orúkọ tí ilé-iṣẹ́ fún un, tí o ní òun náà ni o fẹ́, tí o kò bèèrè ìmọ̀ràn, ó lè ṣòro láti sọ pé ìmọ̀ ẹni tó tà á lo gbójú lé. Bí aládùúgbò rẹ bá sì ta ẹ̀rọ tí ó fi ń fín kòkó tẹ́lẹ̀ fún ọ, tí kì í ṣe oníṣòwò ẹ̀rọ, ìlérí kejì àti ẹ̀kẹta kò mú un.

Ẹjọ́ kan wà tí gbogbo àgbẹ̀ yẹ kó gbọ́. Ní 1960, ní oko kan tí wọ́n ti ń sin ẹyẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ọmọ ẹyẹ kú. Wọ́n wádìí rẹ̀, wọ́n rí i pé ẹ̀pà lílọ̀ tó wà nínú oúnjẹ ẹyẹ náà ni ó pa wọ́n. Láti Brazil ni ẹ̀pà náà ti wá, èèbù sì ti fi májèlé tí a ń pè ní aflatoxin sínú rẹ̀. Májèlé kan náà ni èyí tó máa ń wọ inú ẹ̀pà àti àgbàdo wa bí a bá kó wọn pamọ́ láìgbẹ. Àwọn tó ta oúnjẹ náà ní kò sẹ́ni tó mọ̀ nípa májèlé yìí nígbà náà, nítorí náà, kí ni ẹ̀ṣẹ̀ àwọn? Ẹjọ́ náà dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1968, wọ́n dájọ́ pé ìlérí tí ẹnu kò sọ kò bèèrè bóyá ẹni tó tà á mọ̀ tàbí kò mọ̀. Oúnjẹ ẹyẹ ni wọ́n tà, kò sì yẹ fún ẹyẹ. Ẹni tó ni ẹyẹ mú ẹni tó ta oúnjẹ fún un, ẹni yẹn mú ẹni tó ta ẹ̀pà fún òun, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣe ń padà sẹ́yìn títí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó kó ẹ̀pà náà wọ̀lú. Ohun tó jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe ni pé olúkúlùkù ní ìwé tó fi hàn ẹni tó tà á fún un.

LÁTI 1947 DÉ 1986

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Ní 1947, ìjọba dá Ìgbìmọ̀ tó ń ra Kòkó ní Nàìjíríà sílẹ̀. Ní 1954, iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ti Ìwọ̀-Oòrùn, ní 1977 ó sì tún padà di ti ìjọba àpapọ̀, pẹ̀lú olú ilé-iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Láàrin àkókò yìí, iye owó kan ni wọ́n ń kéde fún gíréèdì kọ̀ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kòkó. Nítorí pé owó gíréèdì kìíní ga ju ti àwọn yòókù lọ, àgbẹ̀ rí èrè nínú bíbò àti sísá kòkó. Láàrin ọdún díẹ̀, gíréèdì kìíní gba iwájú, kòkó Nàìjíríà sì ní orúkọ rere.

Kì í ṣe pé àkókò yẹn dùn fún àgbẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà. Owó tí ìgbìmọ̀ ń san kéré gan-an sí owó tí wọ́n ń tà á lókè òkun. Ní ọdún kòkó 1985 sí 1986, ₦1,600 ni wọ́n ń san fún tọ́ọ̀nù kan, ìyẹn àpò 16 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ kílò 62 àti ààbọ̀. Bí ẹ bá pín in, ₦100 péré ni àpò kan.

Ní 1986, ìjọba àpapọ̀ tú gbogbo ìgbìmọ̀ wọ̀nyí ká. Ẹnikẹ́ni tó bá lágbára lè ra kòkó, kó sì kó o lọ sókè òkun. Owó kòkó fò sókè, inú àgbẹ̀ dùn, ó sì yẹ kó dùn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó sáré wọ iṣẹ́ náà kò mọ kòkó rárá. Owó òkèèrè ni wọ́n ń wá, bí kòkó náà bá gbẹ tàbí kò gbẹ, bákan náà ni lójú wọn. Wọ́n ń ra kòkó tútù, wọ́n ń dà á pọ̀ mọ́ gbígbẹ, wọ́n ń kó o wọ ọkọ̀. Láàrin àkókò kúkúrú, àwọn tó ń rà á lókè òkun bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàròyé, wọ́n sì yọ owó kúrò lórí kòkó wa. Ó di dandan fún ìjọba láti tún mú ètò yíyẹ̀wò le.

Ẹ kíyè sí nǹkan kan níbí. Ní 1986, kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó yí padà nínú òfin ọjà títà. Òfin ṣì ní kí kòkó jẹ́ kòkó tó ṣe é tà. Àwọn tó ń fi ọ̀bẹ la hóró, àti owó tó ya rere sọ́tọ̀ kúrò lára burúkú, ni wọ́n di aláìlágbára. Bí wọ́n ṣe lọ, bẹ́ẹ̀ ni ìlérí náà lọ. Òfin nìkan kò ṣọ́ ọjà rí. Ẹni tó ń yẹ ọjà wò, tó sì ní àmì tí a fi lè tọpa rẹ̀, ló ń mú òfin ṣiṣẹ́.

NÍGBÀ TÍ ÀGBẸ̀ BÁ DI ẸNI TÓ Ń RÀ

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a fi ọgbọ́n yìí wo oògùn kòkó, irúgbìn àti ẹ̀rọ tí à ń rà ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Ìlérí kan náà ló wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n kò sí òṣìṣẹ́ tí yóò ki irin bọ inú ìgò oògùn níwájú yín kí ẹ tó sanwó. Oògùn ò ṣe é tọ́ wò bí epo. Ẹni tó ra oògùn ayédèrú ní oṣù kẹfà, ó di ìgbà tí kòkó bá ti rà ní oṣù kẹjọ kó tó mọ̀. Nígbà yẹn, ìgò ti sọnù, ẹni tó tà á yóò sì ní òjò ló fa á. Ti irúgbìn tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ọdún mélòó kan ni igi kòkó fi ń dàgbà kó tó so.

Oògùn burúkú kì í sì í parí sí oko. Láti 2008, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti mú òfin wọn le lórí iye oògùn tó lè ṣẹ́kù sára ohun jíjẹ, kòkó sì wà nínú rẹ̀. Ní 2015, wọ́n dá ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà dúró nítorí oògùn tí àwọn kan fi tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó ta oògùn tí kò yẹ ti gba owó tirẹ̀ lọ. Ọjà àgbẹ̀ ni wọ́n dá padà.

Ìjọba kò sùn pátápátá. Ní 1992, wọ́n ṣe òfin tó dá Ìgbìmọ̀ Ààbò fún Oníbàárà sílẹ̀. Ní 1993, wọ́n ṣe èyí tó dá NAFDAC sílẹ̀, nọ́ńbà NAFDAC sì gbọ́dọ̀ wà lára oògùn apakòkòrò tó bá òfin mu. Òfin tuntun tí a mọ̀ sí ti 2018 wá fi FCCPC rọ́pò ìgbìmọ̀ ti 1992. Òfin yìí kọ ìlérí tí ẹnu kò sọ sílẹ̀ ní gbangba, ó sì fún oníbàárà ní oṣù mẹ́ta láti dá ọjà tí kò dára padà. Nítorí náà, pátákó tí àwọn kan ń gbé kọ́ sí ìsọ̀, pé ọjà tí a bá rà kò ṣe é dá padà, kò lè pa ẹ̀tọ́ yẹn rẹ́.

Síbẹ̀, kókó kan wà níbẹ̀ tí àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀. Òfin 2018 túmọ̀ oníbàárà sí ẹni tó ra ọjà fún ìlò, kì í ṣe ẹni tó rà á láti tún un tà, kì í sì í ṣe ẹni tó rà á láti fi ṣe ohun mìíràn tí yóò tà. Fìríìjì tí ẹ rà sílé wà nínú rẹ̀ láìsí iyèméjì. Oògùn tí ẹ rà láti fi tọ́jú kòkó tí ẹ óò tà, lọ́yà ẹnìkejì lè jiyàn pé kò sí nínú rẹ̀. Bí ó bá jiyàn bẹ́ẹ̀, òfin ọjà títà tó ti wà látijọ́ ni ẹ óò padà gbé ẹsẹ̀ lé. Ìdí nìyí tí ìtàn 1893 àti 1959 kò fi tíì di ìtàn àtijọ́ lásán fún àgbẹ̀.

OHUN TÓ YẸ KÍ A ṢE

Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ọjà ṣe kí ẹ tó rà á. Ẹ má kàn ní, “Ẹ fún mi ní oògùn.” Ẹ sọ pé, “Kòkó mi ń dúdú lórí igi nítorí òjò, èwo ni yóò wò ó?” Ọ̀rọ̀ yẹn ni yóò de ẹni tó ń tà. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkejì gbọ́ ọ.

Ẹ gba rìsíìtì, kí ó ní orúkọ ẹni tó tà á, orúkọ oògùn, iye rẹ̀ àti ọjọ́. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Ẹ má ra oògùn tí wọ́n tú sínú ìgò mìíràn láé, torí ẹni tó tú u ti já okùn tí a fi lè tọpa rẹ̀.

Ẹ tọ́jú ìgò náà sí ibi tí ọmọdé kò lè dé, pẹ̀lú díẹ̀ nínú oògùn náà, títí ẹ ó fi rí i bí ó ṣe ṣiṣẹ́. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ kọ́kọ́ fín igi díẹ̀.

Bí ẹ bá rí àbùkù, ẹ má ṣe pẹ́. Ẹni tó bá ra ọjà, tó rí àbùkù, tó sì ń lò ó lọ, òfin lè sọ pé ó ti gbà á bẹ́ẹ̀, owó gbà-máà-bínú nìkan ni yóò kù fún un láti bèèrè. Ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á pẹ̀lú ẹlẹ́rìí. Bí kò bá gbọ́, ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn olórí ọjà, ẹ lọ sí ọ́fíìsì NAFDAC ní Àkúrẹ́ bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ mọ́ ayédèrú, tàbí kí ẹ lọ sí kóòtù. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bá ra oògùn pọ̀ lọ́wọ́ ẹnìkan, ohùn wọn yóò wúwo ju ti ẹnìkan ṣoṣo lọ, ìwé wọn yóò sì péye. Ní ti irúgbìn kòkó, ibi tí a mọ̀ ni kí ẹ ti rà á. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó, CRIN, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1964 ní Ìbàdàn, ní ẹ̀ka nítòsí wa ní Òwẹ̀nà.

Ẹ̀yin náà sì rántí pé àgbẹ̀ ń tà kó tó rà. Ẹ bo kòkó yín kó pé ọjọ́. Ẹ má sá a sójú títì ọlọ́dà. Ẹ má fi òkúta sí ìsàlẹ̀ àpò. Nígbà tí owó kòkó bá fò sókè, bí ó ti ṣe ní 2024 tí tọ́ọ̀nù kan kọjá dọ́là 10,000 lọ́jà àgbáyé, ìgbà yẹn gan-an ni ẹni tó ń rà kì í wo inú àpò dáadáa, tí ìdánwò sì máa ń dé bá àgbẹ̀. Ẹni tó bá ta kòkó tútù lọ́dún tó wọ́n, orúkọ gbogbo wa ló fi ṣòfò, ọdún tó bá rọ̀ ni a óò san án. Bákan náà, kò sí bí ẹni tó fi òkúta sínú àpò ṣe fẹ́ bá oníṣòwò oògùn wí pé kò ṣe òtítọ́.

Ìlérí tí ẹnu kò sọ, ìlérí ni. Kí ẹni tó ń tà mú un ṣẹ, kí ẹni tó ń rà sì mọ̀ pé ẹ̀tọ́ òun ni. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí tó àwọn ará abà yín tí kò lè kàwé létí.